Ọkọ Mi tó Ń Ka Àṣá

Ọkọ mi ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú u kí n tó yìn ín. Olórí kunkun ni. Bó bá sọ pé òjò ò ní rọ̀, tí òjò wá ń rọ̀ lé e lórí, á ní ìrì ni. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ, nísàlẹ̀ ilé tí à ń gbé. Tí mo bá ń fọ abọ́ lókè, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń bá aago jà: "Ìwọ kọ́ lo máa kú mọ́ mi lọ́wọ́." Kò lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀. Bí àwọn ọmọ wa bá fẹ́ tọrọ nǹkan, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbà wá, torí bàbá wọn á kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ náà wò níwájú, á yí i wò lẹ́yìn, kó tó dáhùn, ìgbà yẹn sì ni ọmọ á ti gbàgbé ohun tó bá wá.

Èmi ní tèmi, ilé ìwòsàn ni mo ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ ìwé mi dára. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́, ẹni tí kò bá gbà kó mú tirẹ̀ wá ká fi wéra.

Bí ẹyẹ ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ wa nìyí. Obìnrin kan gbé aago ògiri wá sí ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é, torí ó ti kọ́ ìdajì ìlú níwèé. Ó bá ọkọ mi nídìí iṣẹ́, ó dúró tì í fún bí ogún ìṣẹ́jú, ọkọ mi ò sì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó parí, Tíṣà ní, "Bàbá, ẹni tó lè jókòó báyìí láìmira ni mo ti ń wá." Ó wá ṣàlàyé fún un pé nígbà ìrúwé, nígbà tí òtútù bá ń lọ tí ewé tuntun bá ń yọ, àwọn ẹyẹ apẹranjẹ, àṣá, àwòdì, idì, máa ń ti ilẹ̀ olóoru fò padà sí ibi tí wọ́n ti ń yé ẹyin. Ọ̀nà wọn gba orí òkè ẹ̀yìn ìlú wa. Àwọn kan wà tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, wọ́n á máa ka àwọn ẹyẹ náà bí wọ́n ṣe ń kọjá, kí àwọn onímọ̀ lè mọ̀ bóyá wọ́n ń pọ̀ sí i ni àbí wọ́n ń tán lọ. Wọn kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òtútù nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọkọ mi gbà. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fi í sílẹ̀. Lọ́dún kejì, mo bá ara mi sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí kì í bá mi dé ìdí bọ́ọ̀sì, òun ló wá ń jí gun òkè láti lọ wo ojú ọ̀run? Ẹyẹ wo nìyẹn? Ẹyẹ tó ń wọ búláòsì ni o. Mo bá rọra tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan. Arúgbó márùn-ún ni mo bá lórí òkè, wọ́n fi kúbùsù bo orúnkún, imú gbogbo wọn ń ṣomi, wọ́n ń wo sánmà. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ mi ò fi gbà mí mọ́, mo bá jókòó. Kí n tó rójú dìde, Tíṣà ti fi ìwé àti bírò lé mi lọ́wọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé, mi ò tíì dìde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni méjì ní í ṣe é pọ̀. Ọ̀kan ń wò, ọ̀kan ń kọ. Ẹni tó ń wò là ń pè ní olùkà. Awò olójú méjì tó ń fa ohun tó jìnnà wá sítòsí máa ń wà lójú rẹ̀. Ó ti fojú fa ìlà kan láti orí òpó rédíò lápá òsì dé orí òpó èéfín ilé iṣẹ́ bíríkì lápá ọ̀tún. Ẹyẹ tó bá ń yí po lójú kan kò tíì di kíkà, torí ó lè yí padà sẹ́yìn. Àfìgbà tó bá ré ìlà yẹn kọjá ni olùkà á pè é: "Àwòdì, mẹ́ta." Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò. Akọ̀wé ò sì gbọdọ̀ gbójú sókè. Òfin Tíṣà nìyẹn, kì í fi ṣeré rárá. Ó ní bí ojú ẹni méjì bá wà lọ́run, ẹyẹ kan á di méjì lórí ìwé, àti pé akọ̀wé tó bá ń wòran á fo nǹkan. Ojú jẹ́ ti olùkà, ọwọ́ jẹ́ ti akọ̀wé.

Èmi yìí, ẹni tí ń pa òfin mọ́ ni mí. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: ẹyẹ tí mo ti fọwọ́ ara mi kọ lórí òkè yẹn ju ọ̀kẹ́ mẹ́ta lọ, àmọ́ tí àṣá bá bà sójú fèrèsé mi lónìí, mi ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àwòdì. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin bi mí nígbà kan pé, "Màmá, báwo ni idì ṣe rí?" Mo ní kì í gba àyè, lẹ́tà mẹ́ta péré ni.

Ọkọ mi ńkọ́? Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ nílé, ẹ wá gbọ́ ọ lórí òkè. Ohùn rẹ̀ á mọ́ gaara. Àwọn tó bá wá wòran á nàka sí kiní kan tí kò tóbi ju èéfín lọ, wọ́n á ní, "Bàbá, kí nìyẹn?" Á ní, "Àṣá ni. Abo ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fò gba orí omi kọjá lánàá." Ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ kó pe nǹkan kan ní arẹwà. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti dárí jì í.

Ọdún méjì sẹ́yìn ló ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ní àwọn èèyàn ò wọ aago mọ́, fóònù ni wọ́n ń wò. Mo gbà á gbọ́, torí òótọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé òótọ́ yẹn ló fi ń bo òótọ́ mìíràn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, kì í wo ojú mi mọ́, apá ibi etí ló ń wò. Mo ní, "Dádì, ṣé etí mi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ni?" Ó ní ṣebí etí ló ń gbọ́rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, mo rẹ́rìn-ín sí i.

Àbíkẹ́yìn wa yìí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló fọwọ́ wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú nígbà òtútù tó kọjá. Àwa mẹ́ta la jókòó sí yàrá kékeré kan tí wọ́n ti pa iná rẹ̀, dókítà tan iná tíńtínní sí i lójú, ó wò ó pẹ́. Ó ní àárín ojú ló ń kú. Ẹ̀gbẹ́ á ṣẹ́ kù, àmọ́ àárín ti ń lọ. Ó ní, "Bàbá, ohun tí ẹ bá tẹjú mọ́ gan-an ni ẹ ò ní rí." Kò sí gíláàsì tó lè ràn án, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ẹ̀pà ò bóró mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo lọkọ mi bi í. Ó ní, "Ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀ yìí ńkọ́?" Dókítà rò pé òdòdó ló ń béèrè. Nọ́ọ̀sì wa ló yé, ó sì yíjú sí ògiri.

Nígbà tí a délé, ó fà mí wọ ilé ìdáná. Ó ní, "Màmá, ẹ bá Dádì sọ̀rọ̀. Kí wọ́n sọ fún Tíṣà kí kíkà ẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe nǹkan ìtìjú."

Mo ní màá sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nídìí oúnjẹ, mo la ẹnu. Kí n tó sọ nǹkan kan, ó ti mọ̀. Ó ní, "Ìyá wọn, mo ṣì ń rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti mọ bí mo ṣe máa ń yí ojú. Jẹ́ kí n ka tọdún yìí." Ọkùnrin tí kì í bẹ èèyàn ni o. Ó bẹ̀ mí, ó di etí àwo oúnjẹ rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Bí mo bá ní kó má lọ, mo ti mọ ibi tó máa jókòó sí. Àga tó kọjú sí ògiri ni. Mo ti rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ òjò, láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ lórí itan. Bí mo bá sì ní kó lọ, ìwé tí mo ti fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ láìní àbààwọ́n ni mo fẹ́ fi wewu. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo bu ọbẹ̀ kún tirẹ̀.

Báyìí la ṣe gun òkè lọ́dún yìí. Tíṣà àti akọ̀wé tirẹ̀ ń ka ọjọ́ kan, èmi àti ọkọ mi ń ka ọjọ́ kejì. Àwọn arúgbó yòókù ti lọ, àwọn kan sí ilé ọmọ wọn, àwọn kan sí ibi tí a kì í ti í bọ̀. Nítorí náà, bó bá kan ọjọ́ wa, àwa méjì nìkan la máa ń wà lókè.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ dáadáa lójú mi. "Àwòdì, mẹ́rin. Àṣá, ẹyọ kan." Mo ń kọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìkẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Kò sọ pé ó ti rẹ ẹyẹ kankan mọ́. Kò pe ìkankan ní arẹwà. Orúkọ àti iye nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń jáde déédéé, wọ́n kàn ń tẹ̀ lé ara wọn. Mo rí i, mo sì dákẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ bú ẹnì kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi nìyí.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Bí òjò bá rọ̀ báyẹn, àwọn ẹyẹ kì í fò. Inú igbó tó wà lẹ́yìn òkè ni wọ́n máa ń dúró sí. Wọ́n á máa pọ̀ sí i, ọjọ́ tí oòrùn bá sì yọ, gbogbo wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí oòrùn yọ, ọjọ́ tiwa ni.

Mo di búrẹ́dì àti tíì. Bí a ṣe ń gòkè, ó di okùn báàgì mi mú, ó ní òun ń bá mi gbé e ni. Mi ò ní kó fi sílẹ̀. Ilẹ̀ ń yọ̀, atẹ́gùn tutù, àmọ́ ojú ọ̀run mọ́ tónítóní. A jókòó sórí àga wa. Ó gbé awò sójú. Mo ṣí ìwé sí ojú tuntun, mo kọ ọjọ́ sí i, mo tẹrí ba.

Láàárín agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ó pe àwòdì méjì. Agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ó ní, "Kò tíì sí nǹkan."

Ni òjìji kan bá gba orí ìwé mi kọjá.

Mo rò pé ìkúùkù ni. Òmíràn tún kọjá, ó ní apá méjì, ó ní ìrù. Òmíràn. Àwọn ẹyẹ ń fò nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà torí ilẹ̀ ò tíì gbóná, òjìji wọn sì ń já lu ojú ìwé funfun yẹn kedere. Àwọn ọdún tó kọjá, bí òjìji bá ti kọjá báyẹn, ohùn ọkọ mi ni mo máa ń gbọ́ tẹ̀ lé e. Mo gbé bírò dúró, mo ń retí. Òjìji keje kọjá. Ìkẹjọ. Kò sóhùn. Nígbà tó yá, tí ojú ìwé mi mọ́ láìsí òjìji kankan níbẹ̀, ó ní, "Àṣá, ẹyọ kan."

Mo gbójú sókè.

Ọ̀run kún. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ẹ ti rí ewé tíì nínú ife tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò? Bí wọ́n ṣe ń yí nìyẹn, wọ́n ń yí, wọ́n ń gòkè, àwọn tó bá dé òkè pátápátá á wá na apá, wọ́n á tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á sì kọjá lọ láìju apá lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi sì jókòó, ó gbé awò sójú, ó dojú kọ wọ́n gan-an, ẹnu rẹ̀ pa dé. Nítorí pé ó dojú kọ wọ́n gan-an ni kò fi rí wọn.

Inú bí mi. Mi ò lè sọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Mo ní, "Dádì."

Ó ní, "Má gbójú sókè." Ó ti mọ̀ látinú ohùn mi.

"Mo ti gbé e."

Ó rọra sọ awò kalẹ̀ sórí itan. "Ṣé nǹkan wà níbẹ̀ ni?"

"Ó wà."

"Ṣé ó pọ̀?"

"Ó kún ọ̀run, Dádì."

Ó mí sínú. Lẹ́yìn náà, ó yára bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. "Kà wọ́n. Ìyá wọn, kà wọ́n kíákíá."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Mo dé mẹ́tàlélógún, wọ́n yí, mi ò mọ èyí tí mo ti kà mọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Má ka èyí tó ń yí! Ìlà ni kó o máa wò, ìlà!" Mo ní ìlà wo? Ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò wo ìlà yẹn rí. Mo rí òpó rédíò. Kí n tó wá òpó èéfín rí, ọ̀pọ̀ ti kọjá lọ.

"Irú wo ni wọ́n? Ìrù wọn ńkọ́, ṣé ó là sí méjì?"

"Èwo nínú wọn?"

"Èyíkéyìí!"

"Dúdú ni gbogbo wọn!"

"Wọn ò dúdú! Ẹyẹ kankan ò dúdú nínú wọn!"

Ó pariwo mọ́ mi, èmi náà pariwo padà. Mo já awò gbà lórí itan rẹ̀, mo gbé e sójú. Irun ìpéǹpéjú ara mi ni mo rí, àti funfun kan tó rí bàìbàì. Ojú rẹ̀ ni wọ́n yí i sí, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń yí i. Mo fi fóònù pe Tíṣà.

Tíṣà ní, "Ìyá, ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Àwọn ẹyẹ ń kọjá, a ò sì lè kà wọ́n. Ẹ máa bọ̀."

Ó ní, "Mò ń bọ̀." Bọ́ọ̀sì láti ilé rẹ̀ gba wákàtí kan, ká tó sọ ti òkè gígun pẹ̀lú itan tó ń dùn ún. Ẹyẹ kì í dúró de bọ́ọ̀sì.

A jókòó. Kí la tún fẹ́ ṣe? Wọ́n ń kọjá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, mo ń wò wọ́n. Òun kò pariwo mọ́. Ó kàn ń béèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Wọ́n ṣì ń kọjá?" èmi náà á ní, "Wọ́n ṣì ń kọjá." Wọ́n dára débi pé ó dùn mí. Mo fẹ́ sọ fún un bí wọ́n ṣe rí, ó kéré tán, kó rí wọn látẹnu mi. Mo la ẹnu, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ẹyẹ láyé mi, òun ló pè é fún mi kọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí irin.

Ó ku díẹ̀ kí agogo kan lù kí Tíṣà tó yọ, ó ń mí gúlegúle, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Ojú ọ̀run ti ṣófo nígbà yẹn. Ó wo ọkọ mi, ó wo awò tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó wo ìwé. Obìnrin tó ti kọ́ ìdajì ìlú, ta ló máa ṣàlàyé nǹkan fún un? Ó jókòó sórí òkúta.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

Mo fẹ́ sọ pé òní ni. Ọkọ mi ló dáhùn. "Láti ìparí ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ̀gbẹ́ tí mo fi ń wò náà ti lọ. Mo mọ ọjọ́, mo mọ atẹ́gùn, mo mọ iye tó máa ń kọjá nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mò ń pe èyí tó yẹ kó kọjá."

Mi ò mọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ̀ pé ojú ń lọ, mi ò mọ̀ pé ó ti lọ tán. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jókòó tì í, tí mò ń fi ọwọ́ ìwé tó dára kọ ẹyẹ tí kò sí.

Tíṣà fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká fojú bu ti òní. Ìyá, ẹ ti rí wọn. Ṣé wọ́n tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àwòdì, mo lè fara mọ́ ọn."

Àánú wa ló ṣe é, mo mọ̀. Òfin tó fi ń pá wa láyà láti gbogbo ọdún yìí wá, ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ já a. Mo ti fi bírò kan ìwé.

Ọkọ mi ní, "Rárá."

Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ òdo nígbà náà, ká lọ sílé."

"Òdo kẹ̀? Òdo ni pé ẹnì kan wò, kò rí nǹkan. Irọ́ nìyẹn náà."

Òótọ́ ló sọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé wa, bí wákàtí kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni ò sí lórí òkè, bóyá nítorí àìsàn tàbí nítorí mànàmáná, ohun kan là ń kọ síbẹ̀ kí àwọn onímọ̀ má baà rò pé ẹyẹ ò kọjá. À ń kọ ọ́ pé kò sí olùkà.

Ó ní, "Ìyẹn ni kó o kọ."

Tíṣà ní, "Bàbá, ẹ wà níbí. Láti àárọ̀ lẹ ti wà níbí."

Ó yíjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. "Tíṣà, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ṣé olùkà ni mí?"

Mo dúró, mo ń retí kí ẹnì kan nínú wa sọ nǹkan kan tó máa gbà á lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí.

Mo kọ ọ́. Mo fa ìlà sórí àwòdì méjì àti àṣá kan tó ti pè, mo kọ ọ́ síwájú wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tíṣà bá mi di etí ìwé mú nítorí atẹ́gùn. Nígbà tí mo parí, mo fẹ́ pa ìwé dé. Lópin iṣẹ́, akọ̀wé máa ń ka gbogbo ohun tó kọ sókè, olùkà á máa dáhùn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó di gbígbà. Mo rò pé a ò ní ṣe ìyẹn lónìí.

Ó ní, "O ò tíì kà á fún mi."

"Dádì."

"Kà á."

Mo gbé ìwé súnmọ́ ojú, torí omi ti kún ojú tèmi náà. "Agogo mẹ́sàn-án. Kò sí olùkà."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. Ohùn orí òkè ló fi sọ ọ́, ó mọ́ gaara.

"Agogo mẹ́wàá. Kò sí olùkà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Agogo mọ́kànlá." Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Tíṣà na ọwọ́ láti gba ìwé lọ́wọ́ mi, ọkọ mi gbọ́ bí aṣọ rẹ̀ ṣe dún, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún un, Tíṣà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni."

"Kò sí olùkà," ni mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Agogo méjìlá. Kò sí olùkà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó dúró dè mí. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá ẹ̀yìn, àwọn tí mo kọ ẹyẹ tí kò sí sí. Mo ṣí èyí àkọ́kọ́.